Àdúgbò Tó Ń Lajú, Ta Ló Ń Lajú Fún?

"Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ń lajú bọ̀ o. Ẹ má wo bó ṣe rí lónìí." Mi ò tíì pàdé ajẹ́ńtì ilé kan ní Èkó tí kì í sọ gbólóhùn yìí, òótọ́ sì máa ń wà nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ìlajú àdúgbò kò rí bákan náà lójú ẹni tó ra ilẹ̀ àti ẹni tó gba ilé. Bí ọ̀dà bá dé títì, tí iná bá ń dúró, tí báǹkì bá ṣí ẹ̀ka síbẹ̀, inú onílé á dùn, torí ohun ìní rẹ̀ ti gbówó lórí láìjẹ́ pé ó gbé ṣọ́bìrì. Ayálégbé náà á yọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, títí lẹ́tà onílé á fi dé. Ayálégbé ni mo ti jẹ́ ní Èkó láti ìgbà tí mo ti gba fíríìdọ̀mù iṣẹ́ mi, mi ò sì tíì ní ìdajì púlọ́ọ̀tì tí mo lè pè ní tèmi. Ojú yẹn ni mo fi wo ìlú nígbà tí a fẹ́ kúrò ní Ṣómólú, ojú yẹn náà ni mo sì fi ń kọ èyí.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé Ṣómólú nilé àwa atẹ̀wé: ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ìjọ, pósítà olóṣèlú, káàdì òkú, ojúlé dé ojúlé ni ẹ̀rọ ti ń dún. Bí ìbò bá ń bọ̀, a máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú ni. Ìyàwó mi ń ta ata, tòmátò àti àlùbọ́sà. Mile 12 ló ti ń rajà, ó sì fẹ́ràn láti débẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí àwọn ọkọ̀ tó ti òkè Ọya dé ń já ẹrù lọ́wọ́. Mo ní kí n sọ èyí ṣáájú torí pé iṣẹ́ wa méjèèjì ló yan ilé fún wa, ju bí owó ṣe yàn án lọ.

Yábàá tó múlé gbè wá ló lé wa kúrò ní Ṣómólú. Ní 2011 ni Co-Creation Hub, ibi tí wọ́n ti ń ran àwọn tó ń dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá, àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀ lé e. Kò yani lẹ́nu: Yunifásítì Èkó ò jìnnà, Yaba Tech wà níbẹ̀ láti 1947, owó ilé kò sì tíì le. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ 2016 tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ wá síbẹ̀, aráyé ti gbọ́. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé oníyàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síra, wọ́n ń sọ ọ́ di fílátì kéékèèké. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká Yábàá mọ́ sún sí Àkọkà, ẹni tó wà ní Àkọkà sún sí Bàrígà. Nígbà tó yá, Bàrígà àti Ṣómólú di ibi tí ajẹ́ńtì ti ń sọ fún àlejò pé "ó kù díẹ̀ kó dà bíi Yábàá." Onílé wa náà gbọ́ ọ.

Èkó ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín 1950 sí 1960, wọ́n wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, tó jìnnà sí ọjà àti oníbàárà wọn nígbà náà. Ẹ lọ béèrè owó fílátì ní Sùúrùlérè lónìí. Ti Màrókò ló tún wá burú jù. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun Ràjí Ràsákì fi katakata wó ilé àwọn tí wọ́n tó bíi 300,000 níbẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi lè bò ó. Ilẹ̀ tí wọ́n ní omi lè bò yẹn làwọn ilé olówó gọbọi apá Ọnírù dúró lé lónìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé Màrókò ń lajú tó àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àmọ́ wọn ò bá a jẹ nínú ìlajú náà.

Torí náà, nígbà tí èmi àti ìyàwó mi jókòó sọ̀rọ̀ ní 2022, a ò béèrè pé ibo ló máa dára lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. A béèrè pé ibo ló máa gbà wá láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí a bá kó débẹ̀, ibo ló sì máa pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè yí ìbéèrè kejì po, kó wá ibi tó máa tètè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ìmọ̀ràn lórí ilé gbígbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ra ilẹ̀, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ ń gbé ní Ṣàngótẹ̀dó, ó sì fẹ́ kí n wá bá òun. Gbogbo ohun tó ń sọ nípa apá ibẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ilé ìfọpo Dáńgótè, tó lè fọ 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́, ń gòkè lọ ní Ìbẹ̀jú-Lékìí, èbúté ńlá Lékìí ti fẹ́ẹ̀ parí (oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ṣí i), àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ilé káàkiri Awóyàyà àti Lákọwé. Ṣùgbọ́n irú ohun ńlá bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń jẹ́ kí onílé máa lá àlá dọ́là. Kí ìyàwó mi tó ti Ṣàngótẹ̀dó dé Mile 12, yóò kọ́kọ́ bọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ajáh, yóò gba orí afárá Third Mainland kọjá, ata àwọn ẹlòmíràn á sì ti wọ igbá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi.

Mowé àti Ìbàfò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a fẹ́ràn wọn díẹ̀. Yàrá fẹ̀, owó ilé rọ̀, èèyàn Èkó ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ọ̀nà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nìkan ni, kò sí èkejì tó já gaara sí Èkó. Bí tírélà bá ṣubú ní Wáwà, tàbí tí àwọn ilé ìjọsìn ńlá ojú ọ̀nà yẹn bá ní ìpàdé, kí lẹ máa ṣe? Mo bi ọkùnrin kan tó ń tún táyà ṣe nítòsí Ìbàfò ní ìbéèrè yìí gan-an. Ó wò mí títí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ máa sùn sí ibi iṣẹ́ ni." Kò fi ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka iye ọ̀nà tó jáde kúrò ní àdúgbò kí n tó wo inú ilé.

Agbádò àti Ìjú ló kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Red Line, tó máa gbéra láti Agbádò, tó máa gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Oṣòdì, Múṣín àti Yábàá dé Oyíngbò. Ó wù mí. Láti Yábàá sí Ṣómólú, bọ́ọ̀sì kan ni. Àmọ́ nígbà tí mo béèrè owó ilé, ajẹ́ńtì nawọ́ sí òpó afárá ibùdókọ̀ náà, ó ní, "Ṣé ẹ rí ìyẹn?" Mo rí i. Ohun tí mi ò rí ni ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n ti ń gba owó ọkọ̀ tí kò tíì dé lọ́wọ́ ayálégbé. Oṣù kejì 2024 ni wọ́n ṣí ojú irin náà, ó di oṣù kẹwàá ọdún yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Onílẹ̀ lè dúró dè é, ilẹ̀ rẹ̀ kì í lọ. Ayálégbé tó gba ilé níbẹ̀ lọ́dún 2022 ti san owó ojú irin sínú owó ilé rẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ kí ọkọ̀ tó fọn fèrè.

Ó wá ku Ìkòròdú. Àwọn ará Èkó máa ń fi Ìkòròdú ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jìnnà, pé kéèyàn gba ìwé ìrìnnà kó tó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lọ, yẹ̀yẹ́ wọn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí owó ilé ibẹ̀ fò sókè. Èmi wo ọ̀nà BRT, ìyẹn ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá akérò. Ní 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní Erékùṣù Èkó, ní 2015 wọ́n fẹ ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú, wọ́n sì fa ojú ọ̀nà BRT dé ibẹ̀. Lórí ìlà kan ṣoṣo yẹn, ìyàwó mi á sọ̀kalẹ̀ ní Mile 12, èmi á jókòó títí dé Onípan, màá fẹsẹ̀ rìn wọ Ṣómólú. Ọ̀nà tó lọ sí Ṣàgámù wà lẹ́yìn, Ìpakodò wà nísàlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò lọ sí apá Erékùṣù. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé inú Ìkòròdú la máa wá a sí, ó ní, "Ìkòròdú tóbi, apá ibo?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú nìkan, àgbègbè ìdàgbàsókè márùn-ún ló wà, àti Ìgbógbó-Báyékù, àti Ìjẹ̀dẹ́, àti Ìmọ̀tà, àti apá ìwọ̀-oòrùn, àti apá àríwá. Wọn ò lajú bákan náà. Ajẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó gbé mi rìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọ̀kadà tirẹ̀, gbé mi lọ tààrà sí Báyékù lẹ́bàá ọ̀sà.

"Ẹ̀gbọ́n, Fourth Mainland Bridge ló máa gba ibí kọjá. Bó bá délẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti wà ní Lékìí."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa kọ́ ọ tán?"

"Ọwọ́ Ọlọ́run nìyẹn wà, ẹ̀gbọ́n."

"Owó ilé náà ńkọ́, ṣé ọwọ́ Ọlọ́run lòun náà wà?"

Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n kò yọ náírà kan kúrò. Láti ayé tí Bọ́lá Tinúbú ti ń ṣe gómìnà Èkó ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ afárá yìí, ohun tó máa gùn tó bíi kìlómítà 38 láti apá Lékìí gba Ìkòròdú jáde sí ọ̀nà Ìbàdàn. Bí wọ́n bá kọ́ ọ, inú mi á dùn. Àmọ́ afárá tó ń gba àárín ilé kọjá máa ń wó ilé, ẹni tó sì gba ilé lójú ọ̀nà rẹ̀ kì í gba owó gbà-má-bínú bíi ti onílé. Mo ní kó gbé mi padà sí ojú títì.

Lójú títì náà, ibi gbogbo kọ́ ló ṣeé gbé. Odò Ògùn ń ṣàn kọjá lẹ́yìn Ajégúnlẹ̀ àti Ìtòwòlò. Lókè lọ́hùn-ún, nítòsí Abẹ́òkúta, ìsédò Ọ̀yán wà níbẹ̀ láti 1983. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n bá ní láti tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀sà. Èyí ni ọ̀pọ̀ àlejò kò mọ̀: omi lè wọ ilé yín lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Ẹ̀ẹ̀rùn làwọn ajẹ́ńtì fẹ́ràn láti máa fi ilé han èèyàn. Èmi dúró di oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Mo ń wo ara ògiri, bí ìlà omi bá wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà bò, ó ṣì máa ń hàn ní ẹ̀yìnkùlé, torí iwájú ilé nìkan ni wọ́n sábà máa ń kùn. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, bí àdúgbò bá ń mọ bíríkì dínà ẹnu ilẹ̀kùn wọn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí. Mo sì ń ra àkàrà.

Àkàrà kì í ṣe nítorí ebi o. Ìyá alákàrà máa ń wà níta ní àárọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, ó mọ ẹni tó kó wá, ẹni tó kó lọ, àti ìdí tó fi kó lọ. Ọ̀kan nínú wọn lápá Òwùtu gbà mí lọ́wọ́ ilé kan tó ti wù mí.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé omi kì í wọ ibí?"

"Omi kì í wọ ibí, ọmọ mi."

Mo sanwó. Mo ń gba ṣéńjì.

"Ilé wo lẹ fẹ́ gbà?" Mo júwe rẹ̀. Ó fi ṣíbí ro epo. "Níbí ni mo ní omi kì í wọ̀ o. Mi ò sọ pé tọ̀hún."

Ilé tí a wá gbà wà ní apá Agric, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan péré sí ibùdókọ̀ BRT. Títì rẹ̀ kò ní ọ̀dà. Ohun tó fà mí mọ́ra ni pé ẹnì kan ti da òkúta àti yangí sí gbogbo ihò tó wà níbẹ̀, ó sì hàn pé kì í ṣe ìjọba. Mo béèrè. Ẹgbẹ́ onílé ló dá owó jọ. Wọ́n tún ra wáyà iná, wọ́n gbẹ́ gọ́tà lápá kan, wọ́n sì fi géètì onírin sí ẹnu títì méjèèjì. Bí ẹ bá rí i tí àwọn ará àdúgbò ń fi owó ara wọn ṣe nǹkan láìdúró de ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ mọ̀ pé wọn ò ní in lọ́kàn láti kúrò. Ọ̀rọ̀ ajẹ́ńtì kankan ò tó ẹ̀rí yìí lójú mi. Èyí tún ní ìpalára tirẹ̀ fún ayálégbé, torí wọ́n máa ń pín owó náà kan gbogbo ojúlé, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè kí ẹ tó wọlé èwo ni owó onílé, èwo ni tiyín. Owó ọdẹ, ó yẹ kí ẹni tó ń sùn níbẹ̀ san. Owó tiransifọ́mà ńkọ́? Bí mo bá kó lọ, ṣé màá tú u gbé lọ ni?

Géètì onírin yẹn ní ìtàn. Láàárín 2016 sí 2017, àwọn ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé pa ìdílé lóru ní Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Àwọn tí kò sá ló ń sùn síta, tí wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò títí tí ìdààmú náà fi lọ sílẹ̀, àwọn náà ló sì gbé géètì síbẹ̀. Wọ́n máa ń tì í ní agogo mọ́kànlá alẹ́. Fún atẹ̀wé, ìyẹn le. Kí n tó san kọ́bọ̀, mo lọ kí bàbá ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì, mo sọ iṣẹ́ mi fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó mọ ojú mi. Nígbà ìbò 2023, tí mo ń wọlé ní òru, ìkíni yẹn ṣiṣẹ́ fún mi ju kọ́kọ́rọ́ lọ.

Ohun mìíràn ni pé ẹni tó bá kó wá sí Ìkòròdú gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìlú ló kó wá, kì í ṣe ẹ̀sítéètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la igbó rẹ̀. Ìlú tó ní ọba ni, Ayangburẹn, ó sì ní àṣà. Bí Orò bá máa jáde lọ́sàn-án, obìnrin kì í jáde lọ́jọ́ náà. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Ìyàwó mi ló ṣe ìwádìí yìí fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ọjà, kó má bàa kó tòmátò jọ de ọjọ́ tí kò ní lè gbé e jáde. Kò kà á sí wàhálà. Ó ní ọjọ́ ìsinmi lòun fi ń ṣe. Ẹlòmíràn lè má rí i bẹ́ẹ̀, ó sì dára kó mọ̀ kó tó sanwó.

Ní ti owó, ọdún méjì ni ajẹ́ńtì kọ́kọ́ béèrè, pẹ̀lú owó tirẹ̀, owó ìwé àdéhùn àti owó ìdúró fún bíba nǹkan jẹ́. Mo sọ fún un pé Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n, òfin Aláùsá nìyẹn. Ìkòròdú la wà."

Èmi náà sọ fún un pé àwọn ibi tí òfin yẹn yọ sílẹ̀ ni Àpápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island, mi ò sì rí Ìkòròdú nínú wọn. Kò dá mi lóhùn. Ìyàwó mi ló yanjú rẹ̀. Ó ní ká wá ẹni tó nilé gan-an. Alhaja kan ni, opó, nísàlẹ̀ ilé náà ló ń gbé. A ra ọsàn, a lọ kí i, ìyàwó mi kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, ó ní ká jókòó. Kí a tó dìde, ó ti di ọdún kan. Ọ̀rọ̀ onílé tó ń gbé inú ọgbà, àwọn kan ò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó máa ń ka àlejò ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaja ń ka àlejò wa. Ṣùgbọ́n bí omi kànga dẹ́rọ̀ kò bá jáde, òun náà ò rí omi ṣàlùwàlá. Kò sí ìgbà tí ẹ̀rọ omi bàjẹ́ tó di ọjọ́ kejì.

A ti kó dé kí epo tó wọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó 200 náírà ní Èkó ti lé ní 480. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹni tó bá gba ilé sí ọ̀nà jíjìn ti gbé orí ilé rẹ̀ lé owó epo. Àwọn ojúgbà mi tó gba ilé tó rọ̀ ní Mowé rí i pé ohun tí wọ́n jèrè lórí owó ilé, danfo ti gbà á. Owó ọkọ̀ tiwa náà lọ sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Èkó gé owó ọkọ̀ sí ìdajì ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, BRT àti ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀, a sì rí i lápò. Bí mo bá tún máa wá ilé lọ́la, màá kọ́kọ́ wo ọkọ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú, tí ohùn ìjọba lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n tó wo yàrá.

Ọ̀rọ̀ iná náà wá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pín àwọn oníná sí ìpele A dé E: A ló yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ìpele C ni títì wa. Ìyàwó mi ń ráhùn, torí títì àwọn kan wà ní A. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n sún owó ìpele A láti nǹkan bí 68 náírà lórí ìdíwọ̀n kan sí 225. Ìyàwó mi ò ráhùn mọ́. Mi ò sọ pé òkùnkùn dára. Mo kàn ń sọ pé gbogbo ohun tó bá sunwọ̀n sí i ní àdúgbò ló máa ń bá ìwé owó wá, ẹni tó ń wá ilé sì gbọ́dọ̀ wo ìwé owó náà pẹ̀lú. Kí ẹ tó gba ilé, ẹ jẹ́ kí ayálégbé tó wà níbẹ̀ fi ohun tó ń rà sínú mítà lóṣù hàn yín, kì í ṣe ohun tí onílé sọ.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ onílé fi íńtálọ́ọ̀kì sí títì wa. Ó rẹwà, kẹ̀kẹ́ ń wọlé dé ẹnu géètì, òjò rọ̀ kò rọ̀ bàtà ìyàwó mi mọ́ tónítóní. Kò pẹ́ tí Alhaja fi ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́tà ti wà nílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi, ìwọ náà rí i pé ibí yìí ti lajú."

"Mo rí i, mà. Èmi náà wà lára àwọn tó là á."

Mo kó rìsíìtì jáde: owó íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n gbà ní ojúlé wa, owó wáyà, owó géètì. Gbogbo rẹ̀ ni mo ti ń tọ́jú sínú fáìlì kan tí mo fi ajẹkù páálí ibi iṣẹ́ ṣe. Alhaja wọ awò ojú rẹ̀, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tilẹ̀ rí ọ̀kan tí ọjọ́ inú rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, a jọ wá ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù. Owó ilé lọ sókè ṣá, àmọ́ kò tó ìdajì ohun tó wà nínú lẹ́tà, a sì kọ ọ́ sínú àdéhùn tuntun pé owó àtúnṣe àdúgbò tí ayálégbé bá san, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ ní kí n tẹ ẹ̀dà mẹ́ta, mo tẹ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ onílé ti ń dá owó gọ́tà apá kejì báyìí, ìpín tiwa sì ti wọlé. Rìsíìtì rẹ̀ ti wà nínú fáìlì.